Ọ̀dán Inú Abọ́

Ọkọ mi ní igi kan tó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ láràárọ̀ Sátidé. Búrọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe ògbólógbòó o. Ó ra tuntun fún un ni, èyí tó rọ̀, irú tí wọ́n ń rà fún ọmọdé, nígbà tí tèmi tó wà ní balùwẹ̀ ti gbó débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń fọ eyín. Mo sọ fún un. Ó ní eyín le, gbòǹgbò igi ló tètè máa ń bó.

Igi náà ò ga ju ìgò òróró lọ. Inú abọ́ pẹrẹsẹ kan ló wà, lórí tábìlì onísìmẹ́ńtì ní fàráńdà wa ní Ìkòsí. Gbénró, ọkọ mi, rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ojota, lọ́dún tí mo bí ọmọ wa, Tiwalọlá. Tiwalọlá ti wọ yunifásítì báyìí, ó sì ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Igi náà ṣì wà bó ṣe wà. Bọ́ńsáì ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ẹni tó bá sì ní in ni kó máa rí i dájú pé kò dàgbà.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni Gbénró fi ń yangàn. Gbòǹgbò igi yòókù wà nínú ilẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe fi í síbẹ̀, ti èyí wà níta gbangba. Ó sanra, ó lọ́ mọ́ra, ó sì di ẹnu abọ́ mú bí ọwọ́ àgbàlagbà tó fẹ́ dìde lórí àga. Ọdọọdún ni Gbénró máa ń fọ díẹ̀ kúrò lára iyẹ̀pẹ̀ orí abọ́ kí gbòǹgbò náà lè túbọ̀ yọ síta, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti ń wo ẹwà igi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá wá sanra jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ti abọ́, á sì máa jẹ oúnjẹ mọ́ àwọn tó kù lẹ́nu. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń gé. Ẹyọ kan lọ́dún yìí, ẹyọ kan lọ́dún tó ń bọ̀, torí bí èèyàn bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, igi á kú. Ayùn kékeré kan ló fi ń gé e. Oje funfun á máa kán, òun á sì máa fi ìpara kan tó rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì dí ojú ọgbẹ́ náà.

Ó máa ń bẹ igi náà pẹ̀lú. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ: "Má bínú, díẹ̀ ló kù." Nígbà tí mo ń rọbí Tiwa, ohun tí ọkùnrin yìí sọ fún mi ni pé kí n rọra, pé àwọn èèyàn ń gbọ́.

Mo kórìíra igi náà, mi ò sì ní fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún yìí ni ìyá ọkọ mi ṣubú nílé wọn ní Ìṣẹ́yìn. Àwọn nìkan ló ń dá gbé ibẹ̀ látìgbà tí bàbá ti kú. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹsẹ̀ wọn ti yọ̀, wọ́n sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ará ilé kejì wá yá ọlọ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Gbénró wakọ̀ lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ san, Mama ń rìn káàkiri, ṣùgbọ́n ara Gbénró ò balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fẹ́ láyé ni kí ìyá rẹ̀ gbà láti dúró tì wá pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni láti Ìṣẹ́yìn bá ti pè é lórí fóònù, àyà rẹ̀ á já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá náà jókòó síwájú rẹ̀.

Lálaalẹ́, tí a bá ti jẹun tán, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ tiwọn.

"Màámi, ṣé ẹ ti rò ó?"

"Mo ń rò ó, Àkànní."

"Ẹ ò lè máa dá gbé mọ́ o."

"Mo gbọ́. Mo ní mo ń rò ó."

Èmi kọ́kọ́ bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu tí mo ti ń ta òwú àti irun ìdirí, ó sì máa ń rẹ̀ mí tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n Mama ò ṣòro rárá. Wọn kì í yẹ ìkòkò wò, wọn kì í sọ pé báyìí kọ́ ni wọ́n ń se é nílé àwọn. Bí mo bá ń ro ẹjọ́ àwọn oníbàárà mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín débi tí gèlè á fi tú. Nígbà tó yá, mo rí i pé mo ti ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi náà wá ń dúró de ìdáhùn yẹn bíi ti ọmọ wọn. Mo fẹ́ kí Mama dúró.

Ohun tó ń dà wọ́n láàmú kò ju ibi ìjókòó lọ. Ní àdúgbò wa, ògiri ló ń wo ògiri. Bó bá di ọ̀sán, oòrùn á gba gbogbo fàráńdà. Mama á gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n á jókòó sábẹ́ páànù Gafar, ọmọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní òdìkejì wa. Bí òórùn bẹntiróòlù bá pọ̀ jù, wọ́n á tún gbé e, wọ́n á lọ fara ti ògiri fẹ́ǹsì wa.

"Ẹ̀yin ará Èkó, níbo lẹ ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀ ná?" Mama bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo ní orí fóònù ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí igi orí tábìlì, wọ́n dúró tì í fún ìgbà díẹ̀.

"Ọ̀dán nìyí," ni wọ́n wí.

"Rárá, Màámi," Gbénró dá wọn lóhùn. "Ficus ni."

Mama já ewé kan, oje funfun yọ, wọ́n fi hàn án. "Ọ̀dán ni."

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹbí kan náà ni wọ́n, pé kò sí ohun tí à ń jà sí. Gbénró ní ti òun yàtọ̀.

"Ìgbà wo lo máa wá gbé e sílẹ̀?" Mama bi í.

"Inú abọ́ náà ló máa wà, Màámi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí lọ ni."

Mama tún wo igi náà, wọ́n wo abọ́. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?" wọ́n bi í. Gbénró rò pé àwàdà ni.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin irú igi bẹ́ẹ̀ wà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Reuben ni olórí wọn, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìpàtẹ ní gbọ̀ngàn kan ní Ṣàńgíṣà. Gbénró ti pinnu pé ti òun ló máa gba ipò kìíní nínú ìdíje ẹwà gbòǹgbò níbẹ̀. Bí ìpàtẹ náà ṣe ń sún mọ́lé, ó gbé ayùn, ó fẹ́ gé gbòǹgbò kan tó sanra jù lápá òsì. Mama gbé àpótí wọn wá síbẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Èyí tó fi dúró lò ń gé yẹn, Àkànní."

"Ó ti tóbi jù ni, Màámi. Ó ń ti abọ́."

"Abọ́ ló kéré."

Gbénró rẹ́rìn-ín, ó ń gé e lọ. Ó bẹ igi náà bó ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́, ó fi ìpara dí ojú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n ti rò ó. Mama ní ó kù díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí ìpàtẹ ku ọ̀la, èmi àti Gbénró jọ pàdé lẹ́nu géètì. Ó tètè kúrò níbi iṣẹ́ kó lè fọ gbòǹgbò. Bí a ṣe wọlé, ojú rẹ̀ lọ tààrà sórí tábìlì. Igi ò sí níbẹ̀. Abọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ti òkè òkun fi ránṣẹ́ sí i, ti di fífọ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀gúsí sì wà nínú rẹ̀ tó ń gbẹ.

Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni. Mo tún rò pé olè wo ló máa jí igi tó máa sá ẹ̀gúsí sílẹ̀? Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn Mama níta, lápá ibi tí fẹ́ǹsì ti pàdé gọ́tà.

Wọ́n jókòó lórí àpótí wọn. Wọ́n ró ìró tí wọ́n fi ń lọ sóde, wọ́n wé gèlè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni igi náà wà, nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò tí ọkọ mi ti ń yọ síta látìgbà tí Tiwa ti wà lẹ́yìn mi ti wọlé pátápátá, kò ku ẹyọ kan. Mama ti kó ebè lé e bí ẹni gbin iṣu. Wọ́n ti bomi rin ín, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù yí i ká nítorí ewúrẹ́. Gafar dúró ti ṣọ́bìrì rẹ̀, ó làágùn, inú rẹ̀ ń dùn.

"Àkànní, káàbọ̀," Mama wí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo ti dá ọ lóhùn."

Gbénró ò gbọ́. Mo lè búra pé kò gbọ́. Ó ti wà lórí eékún rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀.

"Màámi, kí lẹ ṣe yìí? Ọ̀la ni ìpàtẹ! Ọ̀la!"

"Gbòǹgbò rẹ̀ wà níta. Mo bò ó ni."

"Ó yẹ kó wà níta! Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn!" Ó ti dé ibi tó sanra, ó ń fi èékánná họ ọ́. "Ṣé ẹ mọ̀ pé tí nǹkan yìí bá dàgbà síbí, ó máa wó fẹ́ǹsì? Ó máa gbé gọ́tà sókè! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kàn án? Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Mama. Gafar bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o, mo rò pé ẹ mọ̀ sí i ni," ó wí. "Mama ní ẹ̀bùn ni."

Gbénró hú igi náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sáré wọlé. Mama ń wo ihò tó fi sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n dìde, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ padà sínú rẹ̀ títí ó fi dọ́gba. Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n sì wọlé.

Mo tẹ̀ lé wọn dé yàrá. Aṣọ ni wọ́n ń ká.

"Mama, ẹ má dá a lóhùn. Inú ló ń bí i. Ó máa rọlẹ̀."

"Èmi ò bínú, ìyàwó." Wọ́n ká bùbá kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. "O rí ọ̀dán tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa nílé? Bàbá ọkọ mi ló gbìn ín. Ó ti gbé ìlú orí ìlú kó tó dé Ìṣẹ́yìn. Ọjọ́ tó pinnu pé òun ò tún lọ síbì kankan mọ́, ó gé ẹ̀ka ọ̀dán, ó rì í mọ́lẹ̀ níwájú ilé. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n rí ọ̀dán, wọ́n mọ̀ pé ó ti dé nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó máa gbin ọ̀dán síbi tí kò ní gbé."

Mo ti mọ ohun tó kàn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Lálaalẹ́ ló ń bi mí," Mama ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. "Mo rò ó, mo rò ó. Ilé mi, àwọn èèyàn mi, gbogbo rẹ̀ ni mo rò. Lónìí, mo gbìn ín." Wọ́n mú aṣọ mìíràn. "Ó sì ti hú u."

Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo sunkún.

Mo bá ọkọ mi ní fàráńdà. Ó ti da ẹ̀gúsí Mama sórí bébà, igi ti wà nínú abọ́, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì yọ ẹrẹ̀ láàárín gbòǹgbò.

"Daddy Tiwa," mo pè é, "ìyá ẹ ti gbà láti dúró. Ohun tí wọ́n gbìn síta yẹn ni ìdáhùn wọn. Wọ́n fi ọ̀dán sọ fún ẹ pé ibí ti di ilé àwọn. Ìwọ lo sì fi ọwọ́ ara ẹ hú u."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò tíì wù mí kí n na ọkùnrin náà bíi ti ìrọ̀lẹ́ yẹn, àánú rẹ̀ ò sì tíì ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó sáré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, tẹrẹ̀tẹrẹ̀.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Mo máa lọ gbìn ín padà nísinsìnyí."

"Dìde. Aṣọ ẹ ti bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ gbìn ín."

"Mo ti gbìn ín lẹ́ẹ̀kan."

"Màámi, mi ò mọ̀ ni!"

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ká ní o mọ̀ ni, à bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn." Wọ́n fi ọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ dànù. "Lọ́la, wàá gbé mi lọ sílé. Kọ́kọ́ ṣe ìpàtẹ ẹ ná. Má tìtorí mi pàdánù rẹ̀."

A bẹ̀ wọ́n títí. Mo pe Tiwa ní iléèwé lórí fóònù, òun náà bẹ̀ wọ́n. Mama gbàdúrà fún un, wọ́n ní kó múra sí ìwé rẹ̀.

Báyìí ni gbogbo wa ṣe dé Ṣàńgíṣà láàárọ̀ Sátidé, tàwa tẹrù Mama nínú búùtù. Wọ́n to àwọn igi kéékèèké sórí tábìlì aláṣọ funfun, àwọn èèyàn ń rìn láàárín wọn, wọ́n ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni wà ní wọ́ọ̀dù ọsibítù. Mama wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò fo ẹyọ kan.

"Ọmọ mi," wọ́n bi Ọ̀gá Reuben, "níbo ni èèyàn á wá jókòó sí?"

"Mama, wíwò la máa ń wò ó o," Reuben dáhùn. "It's not for sitting, Ma."

"Ó dáa," Mama wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Igi ọkọ mi ló gba ipò kìíní níbi gbòǹgbò. Obìnrin tó ṣe ìdájọ́ ní òun ò tíì rí gbòǹgbò bọ́ńsáì tó jọ pé ó mọ ilẹ̀ dáadáa bí èyí rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbénró gba ife ẹ̀yẹ náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù òkú lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ẹbí wá ya fọ́tò, Mama dúró sáàárín wa, àwọn nìkan ló sì rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Láti ibẹ̀ la ti gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí a dé, àwọn èèyàn wà lábẹ́ ọ̀dán níwájú ilé, bí wọ́n ṣe máa ń wà. Gbogbo wọn pariwo orúkọ Mama, obìnrin kan sì dìde lórí ìjókòó fún wọn. Adédiwúrà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Gbénró, ti kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọlé, ó ní òun á máa sùn ti ìyá àgbà. Kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀ tán, Mama ti wà láàárín ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣubú. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí níbẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Gbénró sunkún láti Ìbàdàn dé Bágà ní ẹnu Èkó. Mo jẹ́ kó sun ún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ pe Gafar àti ṣọ́bìrì rẹ̀. Ó gbé igi náà kúrò nínú abọ́, ó gbé e jáde, wọ́n tún gbẹ́ ibi tí Mama ti gbẹ́. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ó tẹ́ gbòǹgbò náà síbẹ̀, ó kó iyẹ̀pẹ̀ lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí kò fi sí èyí tó yọ síta mọ́.

"Fẹ́ǹsì ńkọ́?" mo bi í.

"Kó wó."

Ọ̀gá Reuben ti gbọ́, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó pè, ó ní ṣé orí Gbénró pé ṣá? Gbénró ní òun á pè é padà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ pè. Ó ti dá a lójú pé bí wọ́n bá ti gbọ́, wọ́n á ní ká wá mú àwọn. Ó ti ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ kíkun yàrá wọn lọ́dà. Ó tẹ fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ẹrẹ̀.

"Màámi, mo ti gbìn ín o! Ibi tẹ́ ẹ gbìn ín sí gan-an ni!"

A gbọ́ ariwo àwọn èèyàn lẹ́yìn Mama. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló gbìn ín?" Mama bi í.

"Èmi ni, Màámi. Ọwọ́ mi ni mo fi gbìn ín."

"O ṣeun, ọmọ mi," Mama wí. "Ìwọ ló ń gbé ibẹ̀."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kí Mama pé ó dàbọ̀.